Òrùka Inú Agolo Tíì

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò lọ mọ́?"

Ìyẹ̀fun kún ọwọ́ Dervla dé ìgúnpá. Ó dúró gbagidi nídìí tábìlì tó ti ń po búrẹ́dì ní kíṣìnì hòtẹ́ẹ̀lì Concannon, ó ń wo Clodagh ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó rí iwin lọ́sàn-án gangan. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni Clodagh gbà wọlé. Omi òkun ṣì ń kán tó-tó-tó láti irun rẹ̀, imú rẹ̀ sì pọ́n bíi tòmátì.

"Má fojú burúkú wò mí o, ìyàwó oníhòtẹ́ẹ̀lì," ni Clodagh wí. "Enda rẹ ló sọ fún Fergal. Ó ní o ti rò ó dáadáa, pé ọmọbìnrin tó máa wọ aṣọ ìgbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde ò gbọdọ̀ máa tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kiri lọ sí Mọ̀rókò. Fergal sì ti fi àyè rẹ fún Jarlath ìbátan rẹ̀, èyí tó máa ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi."

"Èmi ni mo rò ó dáadáa?"

"Ohun tó sọ nìyẹn. Mo wá ní kí n bi ọ́ lójúkojú, torí Dervla tí mo mọ̀, bó bá fẹ́ já wa kulẹ̀, á kọ́kọ́ pariwo ẹ̀ dé etí fádà."

Dervla kò rẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún, bí òtútù ọdún tuntun bá ti mú Portnacarra dáadáa, tí omi òkun ń ta èèyàn lórí bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lù ú, òun, Clodagh àti Fergal a di pákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì, wọn a wọ bàálù lọ síbi tí oòrùn wà. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń dúró lórí pákó. Kò sí ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kò sí fìlà rọ́bà tó ń fún èèyàn létí. Bí àwọn èèyàn ilé bá ń retí Kérésì, ìrìn àjò yìí ni Dervla ń retí ní tirẹ̀.

Enda sì mọ̀. Lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn tútù ní etíkun Portnacarra, tí omi ń rin ṣòkòtò rẹ̀ gbingbin lórúnkún, tó na òrùka sí i, ọ̀rọ̀ tó sọ ni pé, "Mi ò ní gba òkun lọ́wọ́ rẹ láé." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Dervla gbà kó tó gba òrùka. Ó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ léraléra lórí ibùsùn, ó máa ń dùn létí rẹ̀ bí orin.

Enda wọlé pẹ̀lú àwo ẹyin lọ́wọ́. Ó rí Clodagh, ó rí ojú Dervla, ó rọra gbé ẹyin náà kalẹ̀.

"Clodagh, jọ̀ọ́, fún wa láyè díẹ̀."

"Èmi? Irun mi ni mò ń gbẹ níbí." Clodagh súnmọ́ ẹnu ààrò, ó sì kẹ̀yìn sí wọn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò kẹ̀yìn.

"Enda, ta ló rán ọ níṣẹ́ sí Fergal?" ni Dervla bi í.

"Mo fẹ́ sọ fún ọ."

"Ìgbà wo? Tí bàálù bá ti gbéra?"

Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ dára ni Enda, ohùn rẹ̀ sì tutù lọ́jọ́ gbogbo. Ohùn náà kò tutù lónìí. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ inú ọkọ̀ rẹ, mò ń wá sípánà. Mo rí agolo tíì kan níwájú, mo ṣí i. Òrùka mi ló wà níbẹ̀, Dervla! Òun àti èérún ìda tí o fi ń pa pákó, bí ẹni pé ìdérí ọtí ni. Mo gbójú sókè, mo rí ọ nínú omi pẹ̀lú Fergal, ẹ ń rẹ́rìn-ín."

"Ìwọ náà sì rò pé..."

"Kí ni kí n rò? Obìnrin tó bọ́ òrùka rẹ̀ pa mọ́ kó tó lọ bá ọkùnrin ṣeré!"

Clodagh bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ààrò. "Fergal? Fergal tí ìyàwó ẹ̀ ń gé irun imú fún?"

"Clodagh!" ni àwọn méjèèjì jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Dervla nu ọwọ́ rẹ̀ sára épúrọ́ọ̀nù. "Tẹ́tí sí mi. Gbogbo wa là ń bọ́ òrùka. Omi tútù ibí yìí máa ń jẹ́ kí ìka èèyàn sún kì, kó tín-ín-rín bí ìka ọmọdé. Bí mo bá wọ̀ ọ́ sínú ìbọ̀wọ́, ọjọ́ tí mo bá fa ìbọ̀wọ́ yọ ni òkun máa gbé e mì. Fergal náà ní agolo tirẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló fún un. Torí pé mo fẹ́ràn òrùka yẹn ni mo ṣe ń bọ́ ọ."

"Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti délé ọkọ, kò bọ́ tirẹ̀ rí. Ó fi ń fọ àwo, ó fi ń fọ aṣọ."

"Ìyá rẹ ò fọ àwo nínú Àtìláńtíìkì."

Enda rọ ohùn sílẹ̀, ìyẹn ló sì wá ba Dervla lẹ́rù ju ariwo lọ. "Wọ́n ní ìgbì ńlá ti dé sí Ẹ̀yìn Odi."

"Ó ti dé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti orí ilẹ̀, ó ti na ojú omi dán. A ò rí irú ẹ̀ láti ìgbà tí òtútù yìí ti bẹ̀rẹ̀."

"Má lọ. Má lọ lónìí, má lọ sí Mọ̀rókò. Màmá mi ní kò bójú mu, àwọn aráàlú ti ń sọ̀rọ̀, èmi náà ò sì fẹ́ ẹ mọ́. Bí o bá bọ́ òrùka yẹn lónìí, Dervla, má wulẹ̀ wọ̀ ọ́ padà."

Dervla ki búrẹ́dì tó ti pò bọ inú páànù, ó fi ọ̀bẹ sàmì àgbélébùú sí i lórí bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó tì í sínú ààrò, ó pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló tú épúrọ́ọ̀nù.

"Bá mi yọ búrẹ́dì yẹn tó bá jinná," ló wí fún Enda. "Bó bá jó, sọ fún ìyá rẹ pé òkun ló jó o."

*

Ẹ̀yìn ilé wọn ni pákó rẹ̀ wà, nínú ahéré tí bàbá rẹ̀ ń kó ìgèrè akàn sí nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgádágodo wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn náà lónìí. Dervla kò tíì rí àgádágodo níbẹ̀ rí. Ó wọ inú ilé.

Attracta ìyá rẹ̀ jókòó nídìí tábìlì kíṣìnì, ó ń bẹ ọ̀dùnkún. Fèrèsé tó kọjú sí òkun ṣì wà bó ṣe máa ń wà, kọ́tìnnì bò ó láti òkè délẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Mattie ọkọ rẹ̀, ìyá yìí kò ṣí kọ́tìnnì náà mọ́. Bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́ran ló máa ń gbà, kí ojú rẹ̀ má baà ṣe kòńgẹ́ omi.

"Enda ti pè mí," ló wí láì gbójú sókè.

"Ẹ̀yin lẹ ti ahéré pa?"

"Èmi ni."

"Màmá, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Jókòó, mu tíì."

"Mi ò mu tíì."

"Ẹni tí ò mu tíì nínú ilé yìí, inú ló ń bí i," ni Attracta wí. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni Enda. Ilé rẹ̀ lóoru. Kò ní sí ọjọ́ tí o máa jókòó ti fèrèsé, tí o máa máa ka àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń wọlé, tí wàá rí i pé ọ̀kan ò dé. Òun ló kọ́kọ́ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì sọ fún un pé mo fara mọ́ ọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Dervla lọ́kàn. "Ẹ̀yin náà? Gbogbo yín lẹ jọ jókòó pín mi bí ẹran, tí ẹnikẹ́ni ò pè mí?"

"Ìran bàbá rẹ ò wọ inú omi. Orí omi ni wọ́n ti ń jẹun, wọn kì í wọ inú ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ẹni tí òkun bá fẹ́, ìlúwẹ̀ẹ́ wulẹ̀ ń fi ìyà kún ìyà fún un ni."

"Bàbá mi ìbá mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni, Màmá, ìbá wà láàyè! Ọkọ̀ náà dojú dé níbi tí a ti ń rí ilé yìí!"

Attracta wò ó. Omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó ṣubú. "O mọ ohun tó ń dùn mí jù? Kì í ṣe pákó yẹn. Enda ní o máa ń bọ́ òrùka." Ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó ń yí òrùka tirẹ̀ tó ti rì sínú ẹran ìka. "Nígbà tí òkun dá bàbá rẹ padà, wọn ò jẹ́ kí o rí i. Èmi rí i. Kò sí ojú mọ́, Dervla. Kò sí ohunkóhun tí mo lè pè ní Mattie. Òrùka ni mo fi mọ̀ ọ́n. Bí omi yẹn bá mú ọ lọ láì sí òrùka lọ́wọ́ rẹ, kí ni màá fi mọ̀ ọ́?"

Gbogbo Portnacarra ló mọ ọ̀rọ̀ òrùka yẹn. Etí òde ni Dervla ti gbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́ mú. Ìyá náà rò pé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀.

"Màmá, ẹ ò mọ̀ mí báyìí náà."

"Kí lo wí?"

"Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni mo ti ń gun ìgbì, ẹ ò tíì wò mí rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí omi yẹn nìkan ni ẹkún bàbá mi ti máa ń fi mí sílẹ̀. Ẹ ò mọ bí ojú mi ṣe ń rí níbẹ̀. Ẹ ń wá ohun tí ẹ máa fi mọ̀ mí lókùú, Màmá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ mí láàyè."

Iná ààrò ń jó wuuru. Attracta ki ọwọ́ bọ àpò épúrọ́ọ̀nù, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sáàárín èèpo ọ̀dùnkún, ó sì kọjú sí ògiri.

*

Ní Ẹ̀yìn Odi, ibi tí wọ́n ti ń gun ìgbì lẹ́yìn odi èbúté, Fergal ti wọ aṣọ rọ́bà rẹ̀ tán. Ọkùnrin jọ̀bọ̀tọ̀ ni, onírùngbọ̀n pupa. Ojú ń tì í.

"Dervla, mo rò pé ìwọ lo rán an. Bí mo bá mọ̀ pé..."

"A máa sọ ọ́. Ìgbì ò dúró de ẹnìkan."

Dervla ń fa síìpù ẹ̀yìn aṣọ rọ́bà tirẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò Enda dé. Enda bọ́ sílẹ̀, bàtà rẹ̀ ń yọ̀ lórí ewé òkun. Clodagh yí ojú sókè ọ̀run. Dervla kò dúró kó sọ̀rọ̀. Ó mú agolo tíì láti inú ọkọ̀, ó gbé e sórí odi níwájú Enda, ó sì bọ́ òrùka níṣojú rẹ̀. Kò fi pa mọ́, kò sì yára. Òrùka náà dún nínú agolo, kin.

"Dervla, mo sọ fún ọ pé..."

"Mo gbọ́ ohun tí o sọ. Etí mi ò sí nínú agolo."

Ó fa ìbọ̀wọ́ wọ̀, ó gbé pákó, ó fò sínú omi. Fergal àti Clodagh tẹ̀ lé e.

Òtútù náà gbá a níwájú orí bó ṣe máa ń ṣe. Ó dùbúlẹ̀ lórí pákó, ó ń fi apá wa omi. Níwájú, òkun ń gbé èjìká sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúdú bí ẹ̀yìn màlúù, ó dé orí àpáta abẹ́ omi, ó wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí èèyàn ń gbọ́ nínú eegun. Àwọn ọ̀dọ́ méjì láti abúlé kejì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sún sẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn ò sì tijú rẹ̀.

Ìgbì tí Dervla kọ́kọ́ mú, ó dìde sókè lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ kó tó tẹ pákó. Ìgbì gbé e, ó fì í, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ó wà nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn, omi ń lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata. Ó rántí ohun tí Fergal kọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní: má bá a jà, jẹ́ kó ṣe tirẹ̀ tán. Ó jẹ́ kó ṣe é tán. Nígbà tí orí rẹ̀ yọ, ó mí, ó wúkọ́, ó wo ẹ̀bá odi.

Aṣọ òjò pupa rúsúrúsú kan wà lórí odi. Ẹ̀wù bàbá rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló máa ń wà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí Mattie ti gbàgbé rẹ̀ sílé. Ìyá rẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Ó dúró ṣánṣán, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó kọjú sí òkun.

Dervla lè padà sí èbúté. Ẹnikẹ́ni kò ní bú u. Ṣùgbọ́n bó bá padà báyìí, ibi tí omi ti gbé e mì nìkan ni ìyá rẹ̀ máa rántí lọ sílé. Ó yí pákó padà, ó wa omi lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Padà sílé, ìyàwó!" ni Clodagh ń kígbe. "Omi ti jẹun àárọ̀ lára rẹ!"

"Á tún jẹ tọ̀sán!"

Ìgbì náà wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ga ju gbogbo èyí tó ti kọjá lọ. Fergal ló wà níbi tó ti máa kọ́kọ́ wó. Láàárín àwọn tó ń gun ìgbì, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló ni ín, ẹlòmíràn kì í já a gbà. Fergal wò ó, ó wo Dervla, ó wo ẹ̀wù tó wà lórí odi, ó sì fa pákó rẹ̀ sẹ́yìn. "Tìrẹ ni! Lọ! Lọ!"

Ó lọ. Ó wa omi lẹ́ẹ̀mẹta, ó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ pákó ṣinṣin. Ìgbì ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dán, ó ń sáré, Dervla náà ń sáré. Ó fi ìka kan kan ara ìgbì náà bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára. Ó gùn ún títí ó fi rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní etí iyanrìn. Kò mọ̀ pé òun ń kọrin. Clodagh ló sọ fún un lẹ́yìn náà.

*

Nígbà tó gun àtẹ̀gùn odi dé òkè, ètè rẹ̀ ti dúdú. Enda dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ funfun ju ìyẹ̀fun lọ. Agolo tíì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Attracta ló dì í mú, ó gbá a mọ́ àyà lábẹ́ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀.

"Mo rò pé o ti kú," ni Enda wí. Ohùn rẹ̀ ti tutù padà. "Dervla, mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Wọ òrùka rẹ padà. Mi ò ní mẹ́nu kàn án mọ́. Kí èyí ṣáà jẹ́ ìgbà ìkẹyìn."

Dervla fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ yọ. Ó wo ọkùnrin náà, ó sì mọ̀ pé òun ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ìfẹ́ náà bá ti kú, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kì bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

"O kúnlẹ̀ sí iyanrìn yẹn," ló wí. "O ní o ò ní gba òkun lọ́wọ́ mi láé. Kò sẹ́ni tó fipá mú ọ sọ ọ́. Nígbà tí o rí agolo yẹn, ò bá bi mí, ǹ bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá sọ fún ọ. O lọ bá ìyá rẹ, o lọ bá Fergal, o lọ bá ìyá mi. Èmi nìkan ni o ò wá bá. Mi ò wọ̀ ọ́ padà, Enda."

"Màmá Dervla," ni Enda yíjú sí Attracta, "ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà ti fara mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un!"

Attracta ṣí agolo, ó wo òrùka tó wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dé e padà. Lẹ́yìn náà ló fi agolo náà lé Enda lọ́wọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fún aládùúgbò ní ẹyin.

"Mú un lọ, ọmọ mi. Kó agolo náà mọ́ ọn, mo ní òmíràn nílé. Mo ti rí ọmọ mi lónìí. Mo lè mọ̀ ọ́n níbikíbi."

Enda dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí mọ́tò rẹ̀.

Fergal wúkọ́. "Jarlath á sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀," ló wí. "Ó tiẹ̀ dára fún ẹ̀yìn ẹ̀."

"Kó sùn síta," ni Clodagh wí. "Ó dára fún etí wa."

Attracta kò gbọ́ wọn. Ó ti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń ra á kó lè móoru, ó ń wo ìka rẹ̀ tó ti tín-ín-rín bí ìka ọmọdé. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

"Omi Mọ̀rókò yẹn," ló bi í, "ṣé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóòótọ́?"

"Bíi tíì tí ẹ gbàgbé sórí tábìlì, Màmá."

"Èmi kì í gbàgbé tíì." Ó ń ra ọwọ́ náà lọ. "Kó o tó lọ, wàá bá mi tú kọ́tìnnì kíṣìnì yẹn kalẹ̀. Ó ti dọ̀tí."

"Èwo la máa fi dípò ẹ̀?"

Attracta wo òkun lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fa ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ bo èjìká ọmọ rẹ̀.

"Ta ló ní a máa fi nǹkan kan dípò ẹ̀?"